Yanrìn Ìdí-Àgbọn

Ìjà ni Morádéún ń jà lọ́jọ́ tí Tonbra kọ́kọ́ fojú kàn án.

Ó dúró sí etí títì Liverpool Road ní Àpápá lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1974, bàtà funfun onígìgísẹ̀ lẹ́sẹ̀, báàgì ìwé léjìká. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dá màlúù padà, ó sì fi ara rẹ̀ dí ọmọlanke kan lọ́nà. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Lórí ọmọlanke náà ni ahun òkun ńlá kan wà. Wọ́n ti yí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi lélẹ̀, wọ́n fi okùn di apá àti ẹsẹ̀ tó fi ń wẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó gun òkè, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ wò ó, ó ń sunkún," ni obìnrin kan wí láàárín àwọn èrò. "Ó mọ̀ pé inú ìkòkò ni òun ń lọ."

"Ẹkún kọ́ o, ìyá mi," ni Morádéún dáhùn. "Iyọ̀ ni. Omi òkun ló ń mu, iyọ̀ tó bá sì pọ̀ jù lára rẹ̀, ojú ló ń gbà dà á nù. Èémí ni kò rí mí. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí, bíi tèmi, bíi tiyín, abẹ́ ẹ̀yìn líle yẹn gan-an ni ẹ̀dọ̀fóró ọ̀hún wà. Bí wọ́n ṣe yí i yìí, gbogbo ìwúwo inú rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ń fún un lọ́rùn díẹ̀díẹ̀ ni! Ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ló fọhùn, ẹni tí epo ẹ́ńjìnnì ti yí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúdú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń rín, àfi ìgbà tó rí ojú obìnrin náà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà. Kúùkù ọkọ̀ òyìnbó ń dúró dè mí."

"Kí àwọn òyìnbó jẹ adìẹ lónìí."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Tonbra kò rẹ́rìn-ín mọ́. Inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí òun náà. "Ẹ̀yin ará GRA! Àwọ̀n wa ló wọ̀, ó sì fà á ya. Ta ló ń rà á lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún, tí kì í bá ṣe àwọn ará ilé yín? Ẹ ẹ́ jẹ ẹran ẹ̀ tán, ẹ ẹ́ fi igbá ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Òní lẹ wá rí i pé ará Ajégúnlẹ̀ ni ẹlẹ́ṣẹ̀? Abeg, ẹ kúrò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Morádéún lára, nítorí pé kò rí irọ́ nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ahun náà, ó fọwọ́ kan án níbi ìdí ìrù. "Ẹyin wà nínú rẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Ṣé o mọ̀?"

Tonbra mọ̀. Láti àárọ̀ tó ti gbé e ló ti mọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ wojú rẹ̀.

Kúùkù náà yọ láti apá èbúté nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń na ìka sí ọmọlanke. Tonbra wo ahun, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó sì mi orí. "A ò tà á mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ẹ bi Àǹtí." Ó yíjú sí Morádéún. "Ṣùgbọ́n èmi nìkan ò lè gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ bọ́ bàtà yẹn."

Bàtà náà kò padà dé ilé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé ahun sínú ọkọ̀ ojú omi Tonbra, wọ́n gba àárín àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá kọjá, títí wọ́n fi dé Ìdí-Àgbọn, abúlé apẹja kékeré kan lẹ́yìn Takwa Bay, tó dojú kọ agbami. Ibẹ̀ ni Tonbra ti gé okùn. Ahun náà dúró díẹ̀ bí ẹni pé kò gbà á gbọ́, ó gbé orí sókè, ó mí èémí gígùn kan, ó sì wọ inú ìgbì lọ. Morádéún, tíṣà àgbà, tí omi ti mù dé àyà, ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Tonbra tí ń wò ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti ṣe òun.

Ọmọ Adétòkunbọ̀ Kọ̀yà ni Morádéún. Ọ̀gá ni Kọ̀yà nílé-iṣẹ́ akẹ́rù kan, ó ní ilé alájà méjì ní GRA Àpápá, ó ní mọ́tò méjì, ìlà kejì ló sì ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Morádéún ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìmọ̀ nípa ẹranko ló kà ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àpápá. Ní ti Tonbra, Ìjọ́ ni bàbá rẹ̀, apẹja ni, ó sì ti dolóògbé. Ìyá rẹ̀, Tàwàkálítù ará Ẹ̀pẹ́, ń yan ẹja nítòsí Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀. Kíláàsì kẹta ni Tonbra ti fi ìwé sílẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lé èjìká.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Morádéún tún dé èbúté, bàtà rọ́bà ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Àǹtí, ta lẹ tún fẹ́ bá jà?"

"Mo fẹ́ kí o fi ibi tí wọ́n ń yé sí hàn mí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, tí ẹ ò tíì dé'bẹ̀ rí?"

"Inú ìwé ni mo ti rí i. Ìwé ò ní yanrìn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni wọ́n ń lọ. Tonbra fi ipa ahun hàn án lórí yanrìn, tó gbòòrò tó sì wà ní ìlà ìlà bí ipa táyà katakata. Ó fi hàn án bí ìyá ahun ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ kòtò láìbojú wò ó, tí yóò yé ẹyin tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí yóò bò ó, tí yóò sì lọ. Morádéún ní tirẹ̀ sọ fún un pé nínú gbogbo ẹyin yẹn, agbára káká ni ẹyọ kan péré fi ń yè dàgbà. Ó sọ fún un pé ahun òkun tó tóbi jù nínú wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí awọ, ló ń jẹ ohun rọ̀bọ̀tọ̀ bí ògì dídì tó máa ń jó apẹja lára; bí ahun bá tán, nǹkan yẹn ni yóò kún àwọ̀n. Tonbra gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn apẹja. Àwọn kan fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn mìíràn, tí ara wọn ti jó rí, bẹ̀rẹ̀ sí í tú ahun sílẹ̀ nínú àwọ̀n.

Ilé Ìdí-Àgbọn kò pé ọgbọ̀n, kò sì pẹ́ tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ fi mọ ibi tí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan wà. Tonbra fi imọ̀ ọ̀pẹ àgbọn ṣe ọgbà yí wọn ká kí ajá má baà hú wọn. Morádéún ya àwòrán etíkun náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà àti àmì pupa.

"Tíṣà, gbogbo nǹkan lẹ máa ń kọ. Ṣé ẹ ti kọ èmi náà sílẹ̀?"

"O wà lójú ewé kìíní. 'Ọkùnrin kan fẹ́ pa ìyá ọlọ́mọ, ó sì yí ọkàn padà.'"

"Ẹ yọ 'fẹ́ pa' yẹn kúrò, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní yọ ọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn."

Tonbra wò ó títí. "Kí lo fẹ́ràn?" Ó ti gbàgbé 'ẹ'. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, 'o' ló kù láàárín wọn, Morádéún sì di Déún.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1975, Tonbra wọ aṣọ tó dára jù, ó lọ kí bàbá Morádéún láti sọ fún un pé òun fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣaya.

Adétòkunbọ̀ Kọ̀yà jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì faráńdà, kò sì sọ pé kó dìde. Nígbà tó dìde fúnra rẹ̀, kò fún un ní àga.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ń wa ọkọ̀ ojú omi, sà."

"Níbo lò ń gbé?"

"Ajégúnlẹ̀, sà."

"Àwọn òbí rẹ ńkọ́?"

"Ìjọ́ ni bàbá mi, sà. Wọ́n ti kú. Ìyá mi ń bẹ, ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n. Mùsùlùmí ni wọ́n, sà."

Kọ̀yà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Morádéún, ṣé o gbọ́? Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà ní Èkó! Ọ̀dọ́mọkùnrin, o ṣeun tó o wá. Dẹ́rẹ́bà mi á ṣí géètì fún ọ."

Ojú Tonbra ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, sí ara ògiri pálọ̀, níbi tí wọ́n gbé igbá ẹ̀yìn ahun òkun kọ́ sí, tí wọ́n fi fáníìṣì kùn títí tó fi ń dán. Ó wò ó, ó wo Morádéún, ó sì lọ.

Láti kékeré ni Morádéún ti ń nu eruku kúrò lára igbá ahun yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó já a kúrò lára ògiri, ó gbé e pamọ́. Ní òwúrọ̀, bàbá rẹ̀ gbé e padà. Ó tún já a. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, ní ilé tí wọ́n ti ń fi àmúga jẹun.

Kí la fẹ́ pe irú èyí? Ẹni tó ń ra ahun ni ọmọlúàbí, ẹni tó ń tà á ni tálákà burúkú. Nígbà tí èyí tó ń tà á wá fi títà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fún un lágà!

Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kún ojú òkun Èkó, tí wọ́n tò lọ bí ìlú tuntun lórí omi, tí sìmẹ́ǹtì ń dì gbagidi nínú ikùn ọkọ̀. Ẹni tó bá rí tirẹ̀ gbà ń fi ìkánjú kọ́lé. Ẹni tó ní sìmẹ́ǹtì sì gbọ́dọ̀ wá yanrìn.

Ní oṣù kejìlá, katakata méjì àti ọkọ̀ akóyanrìn kan gúnlẹ̀ sí Ìdí-Àgbọn.

Àwọn ará abúlé kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta sí ilé-iṣẹ́ tó ni katakata. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló bá wọn kọ ọ́, gbogbo wọn tẹ ìka sí i. Kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn, kódà kí wọ́n kàn sọ pé àwọn ti rí i gbà. Katakata ń gbẹ́, ẹyin ń fọ́ sábẹ́ táyà, òkìtì yanrìn tó ń dá ìgbì dúró kúrò nídìí ilé wọn ń wó lulẹ̀ lójoojúmọ́. Linus, tó ń wa katakata àkọ́kọ́, ló fi ìwé àṣẹ han Tonbra. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: A. Kọ̀yà. Wọ́n so àwòrán etíkun mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà àti àmì pupa.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tonbra pàdé Morádéún ní èbúté Àpápá.

"O mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀?"

"Bàbá rẹ ló ń kó yanrìn Ìdí-Àgbọn. Àwòrán rẹ ni wọ́n fi ń wá ibi tó ga jù. Mo rí i, Déún! Ọwọ́ rẹ ni. Ibi tí èmi fẹsẹ̀ wọ̀n fún ọ ni."

"Tonbra, mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Inú ilé kan náà lẹ ń sùn. Ẹ̀yin ará GRA, bákan náà ni gbogbo yín. Èyí tó ń pariwo àti èyí tó ń buwọ́lùwé, inú àwo kan lẹ ti ń jẹun."

Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó sì fi í sílẹ̀ sórí pákó èbúté. Morádéún kò sunkún. Ó rìn délé, gbogbo ọ̀nà yẹn, nínú ìbínú tí kò jẹ́ kó rí ẹni tó ń kí i.

Bàbá rẹ̀ wà nídìí oúnjẹ.

"Dádì, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé yanrìn Ìdí-Àgbọn?"

"Èmi ni. Ìlú ń gbòòrò, Morádéún. Ilé là ń kọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ ibẹ̀?"

"Àwòrán rẹ. O fi í sílẹ̀ lórí tábìlì pálọ̀. Iṣẹ́ rẹ mọ́ tónítóní. Mo fi hàn wọ́n ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn ló yìn ọ́."

Ó sọ ọ́ tìdùnnú-tìdùnnú. Ìyẹn ló dun Morádéún jù. "Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Àwọn ahun?"

"Ahun, àti ènìyàn. Yanrìn yẹn ló ń dá òkun dúró. Bí ẹ bá kó o tán, òkun á wọ yàrá wọn."

"Wọ́n á kó kúrò. Apẹja ṣáà ni wọ́n. Níbo ni ẹja ò sí?"

"Ta ló lè wọ GRA wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kó kúrò, nítorí ibòmíràn náà ní òrùlé?"

"Morádéún!" Kọ̀yà fi ṣíbí lélẹ̀. "Èmi nìkan ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Ṣé torí ahun lo fi ń la ohùn mọ́ mi?"

"Kì í ṣe torí ahun nìkan, sà." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀ wàyí. "Torí yín ni. Wọ́n á máa sọ pé bàbá mi ló ṣe é. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òótọ́."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a ní Ajégúnlẹ̀. Ó bèèrè ilé ẹlẹ́ja yíyan lẹ́bàá Bọ́ńdárì, wọ́n fi hàn án. Tàwàkálítù wà nínú èéfín, ó ń yí ẹja padà lórí ààrò.

Morádéún kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ìwọ lọmọ ẹni tó ń kó yanrìn?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo wá ṣe nílé mi?"

"Mo wá tọrọ àforíjì, mà. Mo sì wá tọrọ bàsíà. A lè kó àwọn ẹyin yẹn kí katakata tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n èmi nìkan ò lè rù wọ́n."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó nu ojú nù. "Tonbra ti lọ síbẹ̀ láti ìdájí. Kò sọ fún mi pé ẹ jà. Ojú ẹ̀ ló sọ. Mú bàsíà méjì." Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó ń bá a yan ẹja. "Sàfíátù! Pe àwọn ìyá yòókù. Kí ẹja jóná tó bá fẹ́."

Tonbra ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Ìdí-Àgbọn, ó ń fi ọwọ́ lásán hú ìtẹ́ kan. Morádéún sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Má yí wọn o! Bó ṣe kọjú sókè nínú ilẹ̀ ni kó ṣe kọjú sókè nínú bàsíà. Ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ara èèpo."

"Ta ló kọ́ mi?" ló dáhùn, kò gbójú sókè.

"Tonbra. Àwòrán mi ni lóòótọ́. Orí tábìlì ni mo fi sí. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò fún wọn."

Ó dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀ pé o ò fún wọn. Kí n tó lanu lánàá ni mo ti mọ̀. Inú ló ń bí mi, Déún. Mi ò rí bàbá rẹ bínú sí; ìwọ ni mo rí. Má bínú."

"Mò ń bínú. Gbé bàsíà sún mọ́ mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn obìnrin Ajégúnlẹ̀ àti ti Ìdí-Àgbọn to yanrìn tútù sínú bàsíà, wọ́n to ẹyin lé e, wọ́n rù ú, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi gbígbóná, lọ sí ìkángun etíkun níbi tí katakata kò lè dé. Ìtẹ́ mẹ́tàlélógún ni wọ́n kó. Èyí tó ṣẹ́kù kan ti gbó jù. Morádéún fi etí lé ilẹ̀, ó ní àwọn ọmọ inú rẹ̀ ti ń rá pálá, wọn kò ṣeé gbé mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni katakata kọrí sí ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta.

Morádéún lọ jókòó síwájú rẹ̀. Tonbra jókòó tì í. Tàwàkálítù tẹ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, òun náà jókòó. Linus pa ẹ́ńjìnnì.

Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi gbé Adétòkunbọ̀ Kọ̀yà dé nínú kóòtù, inú ń bí i. "Linus, tan katakata!"

"Ọ̀gá, mi ò lè tan án. Ọmọ yín ló jókòó síbẹ̀."

"Mo ní kí o tan án, wọ́n á dìde."

"Bó jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn náà ni, ọ̀gá, mi ò ní tan án." Linus sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ dúró síbòmíràn.

Kọ̀yà rìn lọ bá ọmọ rẹ̀ láti fà á dìde. Ó ku ìṣísẹ̀ mélòó kan kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Ọyẹ́ ti bo oòrùn láti àárọ̀, ilẹ̀ tutù. Àwọn ọmọ ahun rò pé alẹ́ ti lẹ́. Imú kan yọ, ó kéré bí orí ìka. Òmíràn yọ. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò, wọ́n ń ti ara wọn jáde, dúdú, rírọ̀, àwọn tí wọ́n bí lójú ẹsẹ̀ náà tí wọ́n sì ti mọ ibi tí òkun wà. Wọ́n yí bàtà Kọ̀yà ká. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò rí ibi gbé e lé. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ńlá, lórí ẹsẹ̀ kan.

Ọ̀kan jìn sínú ipa táyà katakata. Ó gun etí rẹ̀, ó ṣubú. Ó tún gùn, ó tún ṣubú. Tonbra ṣe bí ẹni fẹ́ gbé e.

"Má gbé e," ni Morádéún wí. "Ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn ín, kó lè mọ ilẹ̀ tó ti jáde."

Ó tún ṣubú. Kọ̀yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kóòtù rẹ̀, ó fi ọwọ́ ya etí kòtò náà lulẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ yanrìn pẹrẹsẹ. Ọmọ ahun náà gorí rẹ̀ kọjá, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Títí tí èyí tó kẹ́yìn fi wọ omi, Kọ̀yà kò dìde.

"Linus," ló wá wí, "kó àwọn irin yẹn padà sínú ọkọ̀."

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un o. Ìwé lẹ́ẹ̀mẹta ni àwọn ènìyàn kọ, tí kò kà á. Ìdajì etíkun ti lọ, ilé mẹ́rin ti wó, kò sì sí ẹni tó ka iye ẹyin tó fọ́. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ní láti jókòó síwájú irin kó tó rí i pé ènìyàn ń bẹ níbẹ̀. Bó ti wù kó rí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé yẹn, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Kò padà sí Ìdí-Àgbọn pẹ̀lú katakata mọ́.

Kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó dúró níwájú Tonbra. "Wá sí ilé mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ká jókòó."

"Màá wá, sà," ni Tonbra dáhùn, ó sì tẹrí ba. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wá sí tiwa. Ìyá mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí faráńdà, ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ."

Kọ̀yà wo ilẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mọ́tò rẹ̀ kò lè wọ àdúgbò wọn ní Ajégúnlẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Ohun tí òun àti Tàwàkálítù sọ nínú èéfín ààrò yẹn, wọn kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹja yíyan ló gbé lọ sílé, tí ó fi ìwé ìròyìn dì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1976, Tonbra àti Morádéún jókòó sórí ohun tó kù nínú etíkun Ìdí-Àgbọn. Ìtẹ́ tó kẹ́yìn ti ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi.

"Déún, àwọn tó wọ omi lọ yẹn, ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀ wá yé?"

"Àwọn kan ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn kan ní ọgbọ̀n. Àwọn onímọ̀ rò pé etíkun tí wọ́n ti bí wọn ni wọ́n ń padà sí."

"Wọ́n rò? Ìwé ò mọ̀?"

"Ìwé ò mọ̀. Kò tíì sí ẹni tó dúró síbì kan pẹ́ tó láti rí i."

Tonbra ronú sí i. "Ọgbọ̀n ọdún. Ìyẹn ju agbára ẹnì kan lọ. Bí ó bá ń ṣàìsàn ńkọ́? Bí oorun bá gbé e lọ lọ́jọ́ tí ahun wá?"

"Òótọ́ ni," ni Morádéún wí. Ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì mú ojú le kó má baà rẹ́rìn-ín. "Ó gba ènìyàn méjì."

"Ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì máa gbé nítòsí ara wọn."

"Nínú ilé kan náà ló dára jù."

"Ṣé o mọ ẹnikẹ́ni tó lè gbà?"

"Mo mọ tíṣà kan. Ìjà ló máa ń jà ṣá."

"Mo ti rí i nídìí ìjà," ni Tonbra dáhùn. "Òun ni mo fẹ́." Ó yíjú sí i, àwàdà ti tán lójú rẹ̀. "Morádéún, ṣé wàá bá mi dúró?"

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí yanrìn bò sínú tirẹ̀.

"Màá dúró," ló wí. "Àwọn tó bá tún fẹ́ wá kó ibí yìí, àwa méjèèjì ni wọ́n á bá."